Èmi Tí Wọ́n Ní Kí N Lé Bàbá Kúrò Lóko, Èmi Náà Ni Mò Ń Ṣọ́nà Fún Un

Ká ní ewúrẹ́ lè sọ̀rọ̀ ni, èmi kọ́ ni ǹ bá máa sọ ìtàn yìí fún yín. Ìyá Ìjọ ni ì bá ti sọ ọ́ tipẹ́, mi ò sì ní rí ibi fojú sí.

Ìyá Ìjọ kì í ṣe èèyàn o. Àgbà ewúrẹ́ ni. Ó sanra, ó ń rìn jẹ́jẹ́, ibi tó bá sì kọrí sí ni gbogbo agbo ń tẹ̀ lé e lọ. Òun ló tú àṣírí mi. Ẹ fara balẹ̀, mo ń bọ̀ níbẹ̀.

Iṣẹ́ mi ni pé kí n máa bá àwọn àgbẹ̀ tó ti dàgbà jókòó, ká jọ ṣètò bí oko wọn ṣe máa bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì nígbà tí wọ́n ṣì wà láyé. Ta ló fẹ́ oko náà? Ta ló lè ṣe é? Ọ̀pọ̀ ìdílé ni kì í fẹ́ dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ títí bàbá á fi kú, tí ìjà á bẹ̀rẹ̀ kí ilẹ̀ sàréè tó gbẹ.

Òfin kan wà ní ọ́fíìsì wa tí gbogbo wa mọ̀ bí ẹni mowó. Kí ẹnikẹ́ni tó gba oko, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dá a ṣe fún oṣù mẹ́fà. Láàárín oṣù mẹ́fà yẹn, ẹni tó ni oko ò gbọ́dọ̀ kọjá géètì. Kò gbọ́dọ̀ wọlé wá kí ẹran. Kò gbọ́dọ̀ dúró lẹ́yìn wáyà kó máa pàṣẹ. Ìdánwò là ń pè é. Tí bàbá bá ń wọlé, ọmọ ò ní mọ̀ bóyá òun lè dá a ṣe, bàbá náà ò sì ní gbà láéláé pé ọmọ lè ṣe é.

Òfin tó dáa ni. Èmi tí mo bà á jẹ́ ni mi ò dáa.

Bàbá tí wọ́n fi lé mi lọ́wọ́ ń sin ewúrẹ́, ó ń ta wàrà wọn. Ìyàwó rẹ̀ ti ṣaláìsí, orúnkún rẹ̀ méjèèjì ti ń dùn ún. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí. Nọ́ọ̀sì ni ọmọ náà nílé ìwòsàn ìgboro, bẹ́ẹ̀ náà sì ni gbogbo ayé ń pè é, títí kan bàbá rẹ̀. Ó gba ààyè oṣù mẹ́fà níbi iṣẹ́ láti wá ṣe ìdánwò.

Tí kò bá yege, ẹni tó máa ra oko náà ti wà nílẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ni. Ilẹ̀ ni Oníbúlọ́ọ̀kù fẹ́. Ó ti sọ ọ́ lójú gbogbo wa: "Ilẹ̀ ni tèmi. Alápatà á wá kó ìyókù." Ìyókù tó ń sọ ni Ìyá Ìjọ àti àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀.

Bàbá kó lọ sí ilé kékeré kan tó dojú kọ géètì, lódìkejì ọ̀nà. Yàrá méjì ló wà níbẹ̀. Ọ́fíìsì ní kí èmi náà máa gbé ibẹ̀ kí n lè máa ṣọ́ ọ. Ẹ gbọ́ dáadáa: kí n máa ṣọ́ ọ.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, à ń ta dírááfù lọ́wọ́, Bàbá gbé ọmọ ayò kan sókè, kò sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

"Ọ̀gá Ọ́fíìsì." Bó ṣe ń pè mí nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ó dàgbà ju bàbá tó bí mi lọ.

"Bàbá."

"Ìyá Ìjọ ń tiro."

"Nọ́ọ̀sì á rí i, Bàbá."

"Nọ́ọ̀sì! Èèyàn ni Nọ́ọ̀sì mọ̀ ọ́n tọ́jú. Èèyàn á sọ ibi tó ń dun òun. Ṣé Ìyá Ìjọ á sọ?"

"Òfin ni, Bàbá."

"Ẹni tó ṣe òfin náà, ṣé ó ní ewúrẹ́?"

Ẹ̀rín pa mí. Ẹ̀yin ará, ẹ má bá àgbàlagbà tó fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ yín rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni mo ti pàdánù.

"Ìṣẹ́jú díẹ̀ péré," Bàbá ní. "Màá wọlé, màá wo ẹsẹ̀ ẹ̀, màá jáde."

Ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì, Nọ́ọ̀sì máa ń kó wàrà sínú ọkọ̀ lọ sí ìgboro láàárọ̀, oòrùn á ti wà lókè kó tó dé. Nígbà tí ọjọ́ Ìṣẹ́gun pé, mo gbé àpótí ìjókòó sẹ́nu géètì. Àdéhùn wa ni pé tí mo bá rí ọkọ̀ rẹ̀, kí n súfèé.

Ìṣẹ́jú díẹ̀ Bàbá pẹ́ títí mo fi ń tòògbé. Nígbà tó jáde, ìgbẹ́ ẹran wà ní bàtà rẹ̀, ojú rẹ̀ ń dán bíi ti ọkọ ìyàwó. Orúnkún tó ní ó ń dun òun, mi ò rí i kó dùn ún.

"Òkúta ló há sí i lẹ́sẹ̀," ó ní. "Mo ti yọ ọ́. Wáyà ẹ̀gbẹ́ ọ̀hún náà ti já. Mo ti so ó."

"Bàbá! Ẹsẹ̀ nìkan lẹ ní ẹ fẹ́ wò."

"Ṣé kí n fi sílẹ̀ kí Alága gbabẹ̀ jáde ni?"

Alága ni òbúkọ wọn. Orúkọ rẹ̀ ń ro ó, nítorí kò sí ìpàdé tí kì í fẹ́ dà rú.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe di ti gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ẹtì nìyẹn. Tí ẹ bá bi mí pé kí ló dé tí mo gbà, màá sọ òótọ́. Mo fẹ́ràn bàbá náà. Ohun kejì sì ni pé kò tíì sí oko kan lọ́wọ́ mi tó bọ́ sọ́wọ́ ọmọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Èyí àkọ́kọ́, wọ́n tà á. Èkejì, tẹ̀gbọ́n tàbúrò ṣì wà ní kóòtù títí dòní. Tí ọ̀gá wa obìnrin bá ń bi wá léèrè oko wa lọ́kọ̀ọ̀kan ní ìpàdé, tó bá kàn mí, ńṣe ni mo máa ń wá báírò mi nílẹ̀. Mo fẹ́ kí oko ewúrẹ́ yìí yọrí sí rere bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, Nọ́ọ̀sì sọdá wá bá wa. Bàtà rọ́bà ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ẹrẹ̀ wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

"Ẹ kú ọ̀sán o. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀yin lẹ wọnú ọgbà lónìí?"

 Nínú yàrá, ikọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé Bàbá lójijì.

"Ẹnì kan ti bá mi gé pátákò gbogbo ẹran," Nọ́ọ̀sì ní. "Ó gé e dọ́gba, kò ṣá ìkankan. Láti àná ni mo ti ń rò ó bí mo ṣe máa ṣe é, ẹ̀rù ń bà mí. Mo dé báyìí, wọ́n ti ṣe é tán. Bàbá ò sì lè wọlé, òfin yín ni. Ó wá ku ta?"

Ẹ wò ó, mi ò parọ́. Mo kàn wolẹ̀ ni.

Ó rẹ́rìn-ín. "Mo mọ̀. Ẹ ò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ní ọ́fíìsì yín, àbí? Mi ò ní sọ fẹ́nikẹ́ni." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ ṣé gan-an ni."

Tí mo bá sọ fún yín pé ẹ̀rín yẹn ò wọ̀ mí lára, irọ́ mìíràn nìyẹn. Àpọ́n ni mí. Ìyá mi ò tiẹ̀ bi mí léèrè ìyàwó mọ́, ẹ sì mọ̀ pé tí ìyá bá ti dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yẹn, nǹkan ti bàjẹ́.

Nígbà tí ó lọ tán, Bàbá yọ orí síta.

"O ò sọ nǹkan kan fún un."

"Ẹ̀yin náà ò sọ nǹkan kan, Bàbá."

"Èmi wúkọ́."

Láti ọjọ́ náà, ní ìrọ̀lẹ́, Nọ́ọ̀sì á gbé kọ́ọ̀bù wàrà kan sọdá wá fún mi. Á ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. "Èyí tí mo fún fún ẹ ni," á wí. Ẹ ti gbọ́: kò pè mí ní "ẹ̀yin" mọ́, mo ti di "ìwọ".

Ìṣòro kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Mi ò fẹ́ràn wàrà ewúrẹ́. Òórùn rẹ̀ lásán, inú mi á ti máa rú. Nọ́ọ̀sì á sì dúró tì mí títí màá fi mu ún kan ìsàlẹ̀.

"Ṣé ó dùn?"

"Ó dùn gan-an."

"Jẹ́ kí n máa gbé méjì wá nígbà náà."

Mo gbọ́ ẹ̀rín Bàbá lójú fèrèsé. Ó rín in títí ikọ́ gidi fi gbé e.

Irọ́ kì í dá rìn, ẹ ṣáà mọ̀. Nọ́ọ̀sì ní níbo ni mo ti kọ́ pátákò gígé. Mo ní wọ́n máa ń kọ́ wa ní ọ́fíìsì. Ó ní báwo ni mo ṣe mọ ibi tí ẹ̀rọ omi ti ń jò. Mo ní etí ni mo fi gbọ́ ọ. Bàbá á wá pè mí sídìí dírááfù, á máa kọ́ mi ní ohun tí mo ti ṣe.

"Tó bá bi ẹ́ nípa pátákò, sọ pé funfun lo máa ń gé. Ibi tó bá ti ń pọ́n, dúró. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Bàbá."

"Tún un sọ."

Bí a ṣe wọ oṣù kẹrin nìyẹn. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni Nọ́ọ̀sì gbé wàrà dé, tí kò sì dúró wò mí. Ó jókòó.

"Mo ti pinnu," ó ní. "Ní ọjọ́ Ẹtì, tí mo bá gbé wàrà lọ, màá yà ní ilé ìwòsàn. Màá sọ fún Mátíróònù pé mi ò padà wá mọ́."

Mo gbé kọ́ọ̀bù dání, mi ò mọ ohun tí mo máa fi ṣe.

"Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo sunkún nínú yàrá oúnjẹ ẹran," ó ní. "Mo ní iṣẹ́ èèyàn mẹ́ta nìyí, ta ni wọ́n rò pé ó lè dá a ṣe? Àmọ́ nísinsìnyí mo ti rí i. Ẹnì kan lè ṣe é, tí ọmọlúàbí èèyàn bá wà nítòsí tó ń bá a fọwọ́ kan nǹkan díẹ̀díẹ̀." Ó wò mí. "Ọwọ́ mi ti mọ́ ọn. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mọ́ mi."

Nígbà tó lọ, mo wọlé tọ Bàbá.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká sọ fún un."

"Ká sọ kí ni? Nígbà tó kù díẹ̀ kó fiṣẹ́ sílẹ̀? Ṣé orí ẹ pé ṣá?"

"Ó rò pé òun ń dá a ṣe ni."

"Tó bá fiṣẹ́ sílẹ̀ tán, tí kò síbi tó máa padà sí, á mọ̀ ọ́n ṣe tipátipá. Ta ló kọ́ èmi?" Ó nàka sí géètì. "Àbí o fẹ́ kí Oníbúlọ́ọ̀kù mú alápatà wá bá Ìyá Ìjọ?"

Mi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo sì dákẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ̀ṣẹ̀ mi gan-an nìyẹn. Súfèé kọ́, wàrà kọ́. Ọmọ ọlọ́mọ fẹ́ ju iṣẹ́ tó fi ń jẹun sílẹ̀ nítorí iṣẹ́ tí kò tíì dá ṣe rí, èmi tí mo mọ̀ wá dákẹ́ nítorí pé ẹ̀rín rẹ̀ ń dùn mọ́ mi.

Ọjọ́ Ẹtì pé. Nọ́ọ̀sì wẹ̀, ó wọ aṣọ tó mọ́, ó to kẹ́ẹ̀gì wàrà sínú ọkọ̀. Ó juwọ́ sí mi, ó lọ.

Eruku ọkọ̀ rẹ̀ ò tíì rọlẹ̀ tí Bàbá ti gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Ó mú àlùmọ́gàjí ńlá tí wọ́n fi ń gé pátákò dání. "Ìyá Ìjọ tún ti ń tiro," ó ní, ó sì wọlé.

Mo jókòó sórí àpótí mi. Mátíróònù ni mò ń rò. Mo ń rò ó pé báwo ni obìnrin yẹn ṣe máa bọ Nọ́ọ̀sì lọ́wọ́, tó máa ní Ọlọ́run á wà pẹ̀lú ẹ. Bí mo ṣe ń rò ó lọ, mo gbọ́ ìró ọkọ̀.

Mo gbójú sókè. Nọ́ọ̀sì ni.

Mo ká ẹnu jọ kí n súfèé. Ẹnu mi ti gbẹ. Afẹ́fẹ́ lásán ló jáde, fùùù, bí ẹni tó ń fẹ́ tíì tó gbóná. Mo tún un ṣe. Fùùù.

Nọ́ọ̀sì ti bọ́ sílẹ̀. "Mi ò lè lọ," ó ní. "Bí mo ṣe ń jáde ni mo rí i tí Ìyá Ìjọ ń tiro. Mo dé ìkóríta, mo ní ẹ̀ẹ́ ti rí? Ọjọ́ tí mo fẹ́ di olóko ni mo wá ń fi ẹran tí kò lè rìn sílẹ̀ lọ? Ó yá, wá bá mi gé e. Èmi á máa wò ẹ́, kí n lè mọ̀ ọ́n."

"Nísinsìnyí?"

"Rárá, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ṣé wàá dìde?"

Mo dìde, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í lọgun bíi pé adití ni mò ń bá sọ̀rọ̀. "HÁÀ! NỌ́Ọ̀SÌ, O TI PADÀ DÉ! A TI Ń BỌ̀ SÍNÚ ILÉ EWÚRẸ́ O!"

"Kí ló ń ṣe ẹ́?"

Nígbà tí a wọlé, a ò rí Bàbá. Àlùmọ́gàjí wà lórí àpótí. Ilẹ̀kùn yàrá oúnjẹ ẹran ṣẹ̀ṣẹ̀ ń padé ni. Gbogbo ewúrẹ́ ló sì tò síwájú ilẹ̀kùn náà, wọ́n kọjú sí i, Ìyá Ìjọ ló ṣíwájú wọn. Ó sún sẹ́yìn, ó fi orí kan ilẹ̀kùn. Gbà!

"Kí ló ń ṣe wọ́n?" Nọ́ọ̀sì béèrè.

"Ebi ni."

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fún wọn lóúnjẹ tán ni."

"Ewúrẹ́ nìyẹn. Wọn kì í yó."

Gbà! Ìyá Ìjọ tún kàn án.

A fà á títí a fi fà á kúrò níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì di ìwo rẹ̀ mú, ó ní ó yá. Mo mú àlùmọ́gàjí. Láyé mi, mi ò fọwọ́ kàn án rí.

"Ṣé bí wọ́n ṣe ń dì í mú nìyẹn?"

"Ọ̀nà tuntun ni."

Mo bẹ̀rẹ̀, mo gbé ẹsẹ̀ iwájú kan.

"Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló fi ń tiro," ó ní.

"Mo mọ̀. Mo kọ́kọ́ ń kí i ni."

Mo gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ìyá Ìjọ, tí mi ò rí kó ṣe wàdùwàdù rí, ta mí nípàá kan tí mo fi jókòó sínú ìgbẹ́. Mo dìde. Òógùn ti bò mí. Mo tún gbé ẹsẹ̀ náà, mo rántí pé Bàbá ní funfun ni kí n gé, àmọ́ dúdú ni gbogbo ibẹ̀ lójú mi. Mo gbé ẹnu àlùmọ́gàjí lé e. Mo dijú. Mo gbàdúrà.

Ohùn kan bú jáde láti inú yàrá oúnjẹ:

"Má gé e níbẹ̀! Wàá ṣá a lẹ́sẹ̀! Ojú ni wọ́n fi ń gé e, wọn kì í fi àdúrà gé e!"

 Ilẹ̀kùn ṣí. Bàbá jáde, eruku oúnjẹ ẹran ti bò ó láti orí dé ìpéǹpéjú. Àwọn ewúrẹ́ sáré lọ bá a, wọ́n ń ké, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e ṣubú. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ á bá a. Tiwa ò tiẹ̀ rìn jìnnà.

Nọ́ọ̀sì wo bàbá rẹ̀. Ó wo èmi àti ìdí ṣòkòtò mi.

"Bàbá, kí lẹ ń ṣe níbí?"

Bàbá gbọn eruku kúrò lórí. "Àgbà kì í wà lọ́jà, kí orí ọmọ tuntun wọ́."

"Ọjà wo? Ẹ̀yìn àpò oúnjẹ lẹ wà!"

Bàbá wò mí kí n gbà á sílẹ̀. Mo wolẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ilẹ̀ ò gbà mí.

"Pátákò ọjọ́sí?" Nọ́ọ̀sì bi mí.

"Bàbá ni."

"Wáyà?"

"Bàbá ni."

"Ẹ̀rọ omi?"

"Bàbá ni."

"Kí wá ni tìẹ níbẹ̀?"

"Súfèé."

"Kí ni?"

"Mò ń ṣọ́ géètì ni. Tí o bá ń bọ̀, kí n súfèé." Ẹnu tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ òótọ́ ò mọ ibi tó máa dúró. "Mi ò sì fẹ́ràn wàrà ewúrẹ́."

Mo rò pé á rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sórí àpótí tó máa ń jókòó fún wàrà, ó fi ọwọ́ méjèèjì bojú, ó bú sẹ́kún.

"Mo ti dé ìkóríta," ó ní. "Ká ní mi ò rántí Ìyá Ìjọ ni, mi ò ní níṣẹ́ lọ́wọ́ báyìí."

Bàbá na ọwọ́ sí i. Ó ti ọwọ́ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Mi ò mọ èyí tí mo ṣe, mi ò mọ èyí tí wọ́n bá mi ṣe. Inú mi ń dùn sí ara mi, Bàbá! Mo ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi. Ìgbà tí mo wà ní kékeré, ẹ máa ń fún mi ní kẹ́ẹ̀gì òfìfo kí n máa rò pé mò ń bá yín ru omi. Ohun tẹ́ ẹ tún ṣe fún mi náà nìyí."

 Bàbá jókòó sórí àpò oúnjẹ kan.

"Kì í ṣe pé mi ò fọkàn tán ẹ," ó ní. "Mo máa jí láàárọ̀, mi ò ní ibi tí mò ń lọ. Ọ̀gá Ọ́fíìsì jókòó tì mí, ó ṣètò ibi tí ilẹ̀ ń lọ, ó ṣètò ibi tí ewúrẹ́ ń lọ, ó ṣètò ibi tí ìwọ ń lọ. Kò bi mí léèrè ibi tí èmi ń lọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn gbá mi létí bí ìfọ́tí. Òótọ́ ni. Gbogbo àgbàlagbà tí mo ti bá jókòó láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, mi ò bi ìkankan nínú wọn ní ìbéèrè yẹn rí.

Nọ́ọ̀sì nu ojú. Ó gba àlùmọ́gàjí lọ́wọ́ mi.

"Ẹ jáde, ẹ̀yin méjèèjì."

"Jẹ́ kí n kàn fi ibi tó…"

"Bàbá."

A jáde. A dúró lẹ́yìn wáyà bí ọmọ iléèwé tí wọ́n lé síta. Ó pẹ́ kí Nọ́ọ̀sì tó ṣe tán. Mo gbọ́ tó ń bá Ìyá Ìjọ sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bó ṣe máa ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. Nígbà tí Ìyá Ìjọ jáde síta, kò tiro mọ́. Bàbá ti di ọrùn ọwọ́ mi mú débi pé ó ń dùn mí.

"Ó wọ́ díẹ̀," ó sọ sí mi létí.

"Bàbá, ẹ dákẹ́."

Mo lọ jẹ́wọ́ fún ọ̀gá wa fúnra mi. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, mo bá a rín in, ló bá dákẹ́, ó ku èmi nìkan. "Oṣù mẹ́rin yẹn ti wọ̀gbẹ́," ó ní. "Ẹ máa bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀. Ìwọ lo máa lọ sọ ọ́ lójú ẹ̀."

Mo sọ ọ́ lójú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì gbọ́ mi tán, ó ní, "Ẹ ṣeun, ọ̀gá." Mo ti padà di "ẹ̀yin". Ó lọ bẹ Mátíróònù fún ààyè sí i. Ó sì sọdá wá jókòó síwájú bàbá rẹ̀ kí ìdánwò tuntun tó bẹ̀rẹ̀.

"Bàbá, tí oko bá di tèmi, kí lẹ fẹ́ máa ṣe?"

Bàbá fi ìka fa nǹkan sórí pátákó dírááfù. 

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun," ó ní. "Àti ọjọ́ Ẹtì."

Nọ́ọ̀sì mi orí. Kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́.

Oṣù mẹ́fà yẹn le. Ọmọ ewúrẹ́ méjì kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Wáyà já, Alága bọ́ síta, ó lọ jẹ ìwé àpò sìmẹ́ńtì ní ọ̀dọ̀ Oníbúlọ́ọ̀kù, ariwo sì gba gbogbo àdúgbò. Nọ́ọ̀sì so wáyà náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó dúró. Bàbá jókòó síwájú ilé, ó fi ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan kí wọ́n má baà sá lọ ṣiṣẹ́. Kò kọjá géètì. Èmi pẹ̀lú ò súfèé mọ́, títí kan nínú ilé ìwẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbé wàrà fún mi. Tí mo bá sọ fún yín pé àárò wàrà náà sọ mí, ẹ ó ní mo tún ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin tí òbí yín ṣì wà lórí ilẹ̀ tí wọ́n fi tọ́ yín, ẹ gbọ́ tèmi. Ẹ má jẹ́ kí ìfẹ́ mú yín bá ẹnikẹ́ni ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Ẹ ó jí i gbé lọ́wọ́ ara rẹ̀ ni. Tí ẹ bá sì ń pín oko, ẹ rántí bi àgbàlagbà yẹn pé tó bá jí láàárọ̀, níbo ló fẹ́ máa lọ. Ìbéèrè tí mo fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mi báyìí nìyẹn.

Ọjọ́ tí wọ́n fa oko lé Nọ́ọ̀sì lọ́wọ́, ọ̀gá wa wà níbẹ̀. Oníbúlọ́ọ̀kù náà wá na ọrùn wò wá láti ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bàbá yọ kọ́kọ́rọ́ géètì lápò, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún ọmọ rẹ̀. Ó wá sún sẹ́yìn, ó sún títí ó fi kọjá sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó dúró síbẹ̀ bí àlejò.

Nọ́ọ̀sì ṣí géètì, ó wọlé. Ó ti ń lọ bá àwọn ẹran rẹ̀ kó tó bojú wẹ̀yìn.

"Bàbá, kí lẹ ń wò?"

"Ìwọ ni mò ń wò."

"Ọjọ́ wo ni òní?"

Bàbá ronú.  "Ìṣẹ́gun."

"Ẹ ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́."

Ẹni tó ní orúnkún bíi ti Bàbá ò lè sáré. Àmọ́ tí ohun tó ṣe yẹn kì í bá ṣe eré sísá, mi ò mọ orúkọ tó ń jẹ́. Ìyá Ìjọ ti wà lẹ́nu géètì dè é.

Mo yí padà kí n máa lọ di ẹrù mi. Ohùn Nọ́ọ̀sì tún dé.

"Ìwọ náà, níbo lò ń lọ? Wá di ẹsẹ̀ ẹran mú fún wa." Ó gbé àlùmọ́gàjí jìnnà sí mi. "Dì í mú nìkan o. Má gé nǹkan kan."